Lísìtì Méjì àti Nímẹ́rò Mẹ́rìnlá

Ìdáàṣà, lábẹ́ òkè, ọjọ́ kejì ọjà

Àyọ̀ká, ọmọ mi,

Awakọ̀ tí o fi lẹ́tà rán dé lánàá, kò sì já lẹ́tà náà wò. Ara wa le. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun dáadáa ní Kutọnu. Mo ní ẹni tó lágbára láti kọ ojú ìwé mẹ́rin sí bàbá rẹ̀, ó ń jẹun. Ó ní kí n ṣá bi ọ́. Mo ti bi ọ́.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà àkọ́kọ́, mo kà á gẹ́gẹ́ bíi bàbá, inú mi sì dùn pé wọ́n ti fún ọ ní tábìlì àti àga tìrẹ nílé iṣẹ́ ètò ìlera. Nígbà kejì, mo kà á gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, mo sì rí i pé o kò fi àyè sílẹ̀ létí ìwé. Nígbà kẹta, mo kà á bí ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí létí. Ìkẹta yìí ló fà á tí lẹ́tà yìí fi máa gùn. Wá nǹkan fi jókòó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ìbéèrè rẹ sọ, kí n lè mọ̀ pé ó yé mi. O ní ẹ̀rọ tí ẹ ń pè ní ọ̀dinatọ̀ọ̀ yẹn máa ń fa ìlà òòró àti ìlà ìbú sójú dígí. Ẹ to orúkọ àwọn agbẹ̀bí abúlé sínú àtẹ kan, kálukú pẹ̀lú nímẹ́rò abúlé rẹ̀. Ẹ to ìwé ìbí àwọn ọmọ sínú àtẹ kejì. Bí ìwé ìbí kan bá dé, o máa fún ẹ̀rọ náà ní nímẹ́rò abúlé tó ti wá, ẹ̀rọ á lọ wá nímẹ́rò yẹn nínú àtẹ àwọn agbẹ̀bí, á sì gbé orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá fún ọ. Orúkọ tó bá gbé wá ni wọ́n máa fi àbẹ tuntun, òwú àti oògùn ojú ọmọ ránṣẹ́ sí.

Gbogbo abúlé ló bára mu, àfi Aklampa. Oṣooṣù ni ìwé ìbí ń wá láti Aklampa, o ní ọwọ́ ìkọ̀wé ibẹ̀ mọ́ ju ti ibi gbogbo lọ, àmọ́ kò sí ẹni tó fọwọ́ sí i, kò sì sí agbẹ̀bí Aklampa kankan nínú àtẹ yín. Ọ̀gá rẹ ní kí o má da ara rẹ láàmú. Ó ní kí o fi orúkọ agbẹ̀bí kan tí a mọ̀ lágbègbè yẹn dí àyè náà, kí iṣẹ́ lè parí. Agbẹ̀bí tó tọ́ka sí, ìyá rẹ ni. O wá bi mí pé ṣé ó burú.

Ó burú. Má ṣe é.

Bí mo bá jẹ́ bàbá tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, ibẹ̀ ni ǹ bá ti fọwọ́ sí lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi sì ti jìn sí kòtò yìí gan-an kí wọ́n tó bí ọ. Orúkọ orílẹ̀-èdè wa yí padà lójú mi, àsíá yí padà, a ti ń pe ara wa ní kámáràdì báyìí níbi tí a ti ń pe ara wa ní mísíyè tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo ṣe kò yí padà. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ìyá rẹ pàápàá, òun gan-an ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nígbà náà, mo sì ti gbà pé n kò lè ṣàṣìṣe. Ìwé tó bá ti ọwọ́ mi jáde máa ń tò bí ebè tuntun. Ní ọdún yẹn, ìjọba ní kí wọ́n mú ọmọbìnrin kan ṣoṣo láti agbègbè Ìdáàṣà, kí wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ agbẹ̀bí fún ọdún méjì ní Kutọnu. Ọmọbìnrin mẹ́tàlélógún ló forúkọ sílẹ̀. Kí ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́, dókítà tó ń bọ̀ wá ṣèdánwò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ sórí ìwé ìdánwò, nímẹ́rò nìkan ni kí wọ́n kọ. Èmi ni mo kọ lísìtì, tí mo to orúkọ bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe lọ, tí mo sì gé ègé ìwé kéékèèké tí mo kọ nímẹ́rò kálukú sí. Jùsítínì, ọmọ àgbẹ̀ kan lórí òkè níbí, ló gba nímẹ́rò mẹ́rìnlá.

Lówùúrọ̀ ìdánwò, lẹ́yìn tí mo ti pín ègé ìwé tán, ọmọbìnrin kan dé láti Gbaffo, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Òjò ló dá a dúró lọ́nà. Jùlíyẹ́ẹ̀tì lorúkọ rẹ̀. Mo fún un ní nímẹ́rò mẹ́rìnlélógún, mo kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ lísìtì, ó wọlé, ó jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá rẹ ni. Kí o tó máa rẹ́rìn-ín, n kò tíì wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹrẹ̀ tó gbé wọ ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ni mò ń wò.

Ìdánwò parí, dókítà kó ìwé lọ. Èmi ní tèmi, lísìtì yẹn ń yọ mí lẹ́nu. Jùlíyẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn Fitọ́ríìnì tí àwọn Faransé ń fi V bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, níbi tí kò yẹ kó wà. Kò lẹ́wà. Mo mú ìwé tuntun, mo tún gbogbo rẹ̀ kọ, mo fi Jùlíyẹ́ẹ̀tì síbi tó yẹ ẹ́ nínú álífábẹ́ẹ̀tì, ìyẹn gẹ́rẹ́ lókè Jùsítínì, mo sì tún nímẹ́rò wọn kọ láti oókan dé mẹ́rìnlélógún. Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo gbé e sókè wò ó, ó wù mí.

Ó ti yé ọ, àbí? Ìwọ ọmọ ọ̀dinatọ̀ọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti yé ọ. Nígbà tí èsì dé láti ọ̀dọ̀ dókítà, ohun tó kọ ni pé nímẹ́rò mẹ́rìnlá ló ṣe ipò kìíní. Mo wo lísìtì mi tó lẹ́wà. Mẹ́rìnlá: Jùlíyẹ́ẹ̀tì, Gbaffo. Mo kọ ọ́ gàdàgbà, nímẹ́rò àti orúkọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, Jùsítínì wá sí ilé iṣẹ́ wa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ ègé ìwé kan, ó sì fi í síwájú mi.

Ó ní, “Mísíyè akọ̀wé, mẹ́rìnlá ni wọ́n ní ó ṣe ipò kìíní. Èmi ni mẹ́rìnlá.”

Mo ní, “Orúkọ ta ni mo kọ sára ògiri?”

“Orúkọ Jùlíyẹ́ẹ̀tì ni.”

“Ṣé ìwọ ni Jùlíyẹ́ẹ̀tì?”

“Rárá, mísíyè.”

“Ó tán nìyẹn. Ìwé ìjọba kì í purọ́.”

Ó mú ègé ìwé rẹ̀, ó ká a, ó so ó padà sí ìdí ìró. Ó ní, “Ẹ ṣeun, mísíyè,” ó sì jáde. N kò wo ègé ìwé náà. Iwájú mi ló wà, bí ọwọ́ sí ẹnu, n kò wò ó.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ fi lísìtì àkọ́kọ́ bo ìwé orin mi lẹ́yìn. Bí mo ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni mo rí mẹ́rìnlá, tí mo sì rí orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jùlíyẹ́ẹ̀tì ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kutọnu. Ọ̀gá mi jẹ́ ẹni tí í lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ nítorí yíǹkì tó dà sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, Àyọ̀ká. Mo ti wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí ǹ bá fi rọ́pò rẹ̀, n kò rí. Mo ká lísìtì náà, mo fi í sísàlẹ̀ àpótí mi. Nígbà ìkórè ọdún yẹn ni wọ́n fa Jùsítínì fún ọkọ ní Aklampa.

Ó wá kan ìmọ̀ràn. Bàbá tó jẹ́wọ́ láìgba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn, ó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láàbọ̀.

Èkíní: bí o bá fẹ́ wá ènìyàn nínú àtẹ, wá ohun tí kò sí lára ẹlòmíràn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, bí o bá pe Màríà, ìdajì ìjókòó obìnrin á dìde. O sì sọ fún mi pé ibi àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ yín bá ti rí ohun tó jọ ohun tó ń wá ló máa ń dúró sí, kì í wò síwájú mọ́. Ọ̀lẹ ni ẹ̀rọ náà, ó jọ mí. Nítorí náà, kí o tó ní kó lọ wá nǹkan, kọ́kọ́ wò ó bóyá nǹkan náà pé méjì nínú àtẹ.

Èkejì: nímẹ́rò tí o bá ti fún ènìyàn, má gbà á padà. Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an. Lísìtì méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ dà bí tọkọtaya. Bí o bá yí ọ̀kan lórí padà láìsọ fún èkejì, ilé ti dàrú, àwọn tó wà níta á sì máa rò pé wọ́n wà ní ìrẹ́pọ̀. Bí ẹni tuntun bá dé, fi í sísàlẹ̀. Jẹ́ kó burẹ́wà. Bí o bá fẹ́ ẹwà, ra yẹtí.

Ẹ̀kẹta, tí ó jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ: ohun tí o kò bá rí, kọ ọ́ pé kò sí. O mọ ọjà Glazoué. Bí o bá ní labókò lo fẹ́ rà, tí labókò ti tán lọ́wọ́ ìyá oníṣu, á sọ fún ọ pé ó tán. Kò ní fi iṣu mìíràn sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ nítorí pé ìtòsí labókò ló kó o sí. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wàá padà wá bá a, ariwo á sì sọ. Nínú ìwé, kò sí ẹni tó máa padà wá bá ọ. Ẹni tí wọ́n fi àbẹ àti òwú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kò ní mọ̀ pé ẹnì kan jókòó ní Kutọnu tó fi orúkọ dí àyè.

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ Aklampa, ó yẹ kí n sọ èyí fún ọ, torí ìgbàkigbà tí o bá bi mí ni mo máa ń fi ẹ̀rín bò ó. O máa ń béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé Aklampa la bí ọ sí. N kò mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ, tó ń gbẹ̀bí fún gbogbo Ìdáàṣà, nígbà tí oyún rẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ, ó ní òun ń lọ bímọ sí Aklampa. Mo ní kí ló wà ní Aklampa tí kò sí níbí. Ó ní òun ní ojúlùmọ̀ níbẹ̀. Mo jà, mo kùn, mo ní àwọn ènìyàn á fi mí rẹ́rìn-ín. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú rẹ lọ́wọ́. Obìnrin kan gbé omi fún mi, ó sì padà wọlé. N kò wo ojú rẹ̀. Ní Aklampa, n kì í wo ojú obìnrin kankan, torí mo mọ ojú tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí láti rí.

Bóyá èyí ni ẹ̀kẹrin tàbí ẹ̀karùn-ún, n kò mọ̀ mọ́, àmọ́ òun ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹnì kan bá wá bá ọ pẹ̀lú ègé ìwé lọ́wọ́, tó ní ohun tí o kọ kọ́ ni òótọ́, fún un ní àga. Wo ègé ìwé náà. Kò gba àkókò. Ká ní mo wò ó lọ́jọ́ náà ni, ọkọ̀ ojú irin kò tíì lọ.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti ju ogún ọdún lọ. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ sọ ọ́. Ohun tó ń dá mi dúró ni ìyá rẹ. Obìnrin tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìdajì ọmọ ìlú yìí sáyé, ṣé èmi ni kí n wá sọ fún un pé àyè ẹlòmíràn ló jókòó sí? Bó bá dìde lórí iṣẹ́ yẹn ńkọ́? Bí kò bá lè wo ojú mi mọ́ ńkọ́? Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. O ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí, torí a kì í sọ irú ẹ̀ nílé wa, àmọ́ ó wà nínú ìwé báyìí.

Lẹ́tà rẹ ló wá sé mi mọ́ igun. Ọ̀gá rẹ fẹ́ fi orúkọ Jùlíyẹ́ẹ̀tì dí àyè ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ ọmọ mi ni wọ́n máa fi ṣe é. N kò lè dákẹ́ lórí ìyẹn. Kọ ọ́ sí Aklampa pé kò sí. Bí ọ̀gá rẹ bá bínú, jẹ́ kó bínú. Mo ti rí ọ̀gá tó ń bínú rí, nígbà tó yá ó lọ jẹun.

Mo ti fi lísìtì àkọ́kọ́ sínú àpò ìwé yìí. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, tọ́jú rẹ̀. Ìyá rẹ ni n ó fún ní lẹ́tà yìí kó lẹ̀ ẹ́, o sì mọ̀ pé ìyá rẹ kì í lẹ ìwé tí kò tíì kà. Bí ojo ṣe ń jẹ́wọ́ nìyẹn. N ó lọ sí oko títí á fi kà á tán.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ń retí ohun tó máa bá nílé.

*

Àyọ̀ká,

Mo ti kà á. Bàbá rẹ wà lóko, ó ń ṣe bí ẹni ń ro ebè tó ti ro lánàá.

Nímẹ́rò tèmi jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Ègé ìwé mi wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú ògiri yẹn, mo sì rí mẹ́rìnlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tèmi. Mo fẹ́ lọ gan-an, mo dákẹ́, mo wọ ọkọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn, bàbá rẹ kọ́ ló ni ín, kó má gbé e mọ́ tirẹ̀.

Ìgbà ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo wálé, mo béèrè ẹni tó gba mẹ́rìnlá. Wọ́n ní ó ti wà nílé ọkọ ní Aklampa. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n wá bá òun gún iyán. A gún un, a jẹ ẹ́, ó fọ ọwọ́, ó wá ní, “Ohun tí wọ́n kọ́ ẹ níbẹ̀, kọ́ mi.” Ìwé tí mo gbé dání la fi bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ìsinmi títí ọdún méjì fi pé ni mo fi ń lọ. Ó yára gbọ́ ọ jù mí lọ. Kí ló dé tí kò fi ní yára, òun ló ṣe ipò kìíní.

Òun ló ń gbẹ̀bí ní Aklampa, òun ló ń kọ ìwé ìbí ibẹ̀; kì í fọwọ́ sí i torí ìjọba kò mọ̀ ọ́n. Òun ló gbé omi fún bàbá rẹ. Òun ló gbà ọ́ sáyé.

Bàbá rẹ ní kí o kọ ọ́ pé kò sí. Ó wà. Jùsítínì lorúkọ rẹ̀. Fi í sísàlẹ̀ àtẹ, kí o fún un ní nímẹ́rò tirẹ̀, kí o má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà.

Mo ń lọ pe bàbá rẹ wálé. Jẹun.

Ìyá rẹ.